Ẹyẹ Ọ̀sán Gangan

Orí àpótí nílé ìdáná ni wọ́n ti bá ìyàwó Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, àlùbọ́sà wà lọ́wọ́ òsì, ẹ̀yìn ẹ̀ fara ti ògiri, ojú ẹ̀ là sílẹ̀, kò sì sí èémí nínú ẹ̀ mọ́. Kò dùbúlẹ̀ àìsàn rárá. Ó kàn ti ń funfun díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mélòó kan ni, títí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fi dà bí inú búrẹ́dì. Wọ́n gbé e, wọ́n sin ín, wọ́n sunkún ẹ̀. Ìgbà tí omijé gbẹ tán ni kálukú wá ń bi ara ẹ̀ nínú pé, kí ló pa á gan-an?

Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀ sókè o. Ṣùgbọ́n ilé tí òkú bá ti jáde láìsí àlàyé, ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí. Fèrèsé dún, wọ́n á wo ara wọn lójú. Ológbò aládùúgbò fò sórí páànù, ẹnì kan á ní, "Ṣé ẹ gbọ́ yẹn?" Ilé gígùn kan ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró là á láàárín. Ẹ̀gbọ́n, ọkọ olóògbé, ló ń gbé yàrá iwájú. Tírélà ló fi ọjọ́ ayé ẹ̀ wà, ariwo ẹ́ńjìnnì ti ba etí ẹ̀ ọ̀tún jẹ́, àmọ́ ta ló tó sọ fún un pé kò gbọ́rọ̀ dáadáa? Àbúrò ẹ̀ tó ń ṣe wẹ́dà àti ìyàwó tiẹ̀ wà láàárín. Àwọn ọmọ wọn ti dàgbà, wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Yàrá ẹ̀yìn pátápátá ni ti àbúrò wọn obìnrin, opó kan tó padà sílé bàbá ẹ̀ nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú, tó ń bá ilé ìtẹ̀wé ká abala ìwé.

Ìyàwó wẹ́dà yìí, alágbàfọ̀ ni, òun gan-an ni mò ń sọ ìtàn ẹ̀. Òun ló sọ opó náà ní Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́, torí pé ó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn, tí kò fẹ́ jí i. Orúkọ ìfẹ́ ni. Nígbà yẹn, tó bá pè é bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á jùmọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó ti rẹ Alágbàfọ̀ tipẹ́ kó tó gbà pé ó ń rẹ òun. Áyọ́ọ̀nù tó ti ń gbé láti ìgbà ọmọge ẹ̀ wá di ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá gbé báàfù aṣọ láti ìdí ẹ̀rọ omi dé ìdí okùn tó ń sá a sí, mímí ẹ̀ á máa lọ sókè sódò bí ẹni tí wọ́n lé. Irun ń bá kóòmù jáde. Èékánná ẹ̀ tẹ̀ láàárín bíi ṣíbí kékeré. Yìnyín ló kọ́kọ́ ń jẹ, á máa rún un wóró-wóró bí ẹni ń rún ẹ̀pà. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí sítáàṣì, ìyẹn sítáàṣì gbígbẹ tí wọ́n fi ń mú kí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì le. Kó tó pò ó lómi, á ti wẹ̀yìn wò, á ti bù ú sẹ́nu. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé pé kí ló dé tí kọ́là àwọn ń rọ̀ bí etí ajá, kò sì lè sọ fún wọn pé òun ti jẹ ohun tó yẹ kó mú un dúró. Nǹkan oṣù ẹ̀ tó máa ń dé tí kì í fẹ́ lọ mọ́, ìyẹn ni kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ ló fi tipátipá mú un dé ọsibítù. Dókítà fa ìpéǹpéjú ẹ̀ wálẹ̀, ó sì wo inú ẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú ẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kò tó, wọ́n ní irin inú ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Dókítà àgbà ló máa wo ohun tó fà á, òun náà ló máa fa omi irin sí i níṣan, àmọ́ dókítà àgbà ò sí nílé, àwọn tó ń dúró dè é sì pọ̀. Kó máa lo oògùn irin tí wọ́n fún un. Àwọn á pè é.

"Irin," ni wẹ́dà wí nígbà tí wọ́n délé. "Irin tó kún ṣọ́ọ̀bù mi dẹ́nu ọ̀nà yìí náà?"

"Áyọ́ọ̀nù tún wà lọ́wọ́ tèmi látàárọ̀ ṣúlẹ̀," ni ìyàwó ẹ̀ dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àyà fi ń dùn wọ́n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó tún rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ wá sọ ara ẹ̀ di nọ́ọ̀sì. Á mú oògùn wá pẹ̀lú omi ọsàn, á dúró tì í títí á fi gbé e mì. Kò jẹ́ kó mu tíì nítòsí oògùn, wọ́n ní tíì kì í jẹ́ kí irin wọ ara. Ó se ẹ̀fọ́, ó se ẹ̀dọ̀. Ó wá àga gíga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì kí Alágbàfọ̀ lè máa jókòó lọ aṣọ. Ó kó ìrọ̀rí lé ara wọn kó lè máa rí èémí mí tó bá dùbúlẹ̀. Alágbàfọ̀ fẹ́ràn ẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ìyẹn kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ọ̀sán gangan ló kọ́kọ́ gbọ́ ẹyẹ náà. Ó dùbúlẹ̀, oòrùn ń ta lójú fèrèsé, àdúgbò dákẹ́, ló bá ń gbọ́ ìyẹ́ apá. Fùù, fùù, fùù. Kì í ṣe ẹyẹ kékeré. Ó jọ ohun tó rọra ń fò yí orí òun ká, tí kò kánjú. Ó dìde, ó ṣí fèrèsé. Kò sí nǹkankan níta àfi aṣọ oníbàárà lórí okùn. Ìgbà tó máa yíjú padà, Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ife ọsàn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò gbọ́ ìgbà tó wọlé. Àyà ẹ̀ já, ìyẹ́ apá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ó ń pariwo sí i, ó ń pariwo sí i, bí ẹni pé ẹyẹ náà rí ọ̀gá ẹ̀.

"Ìyàwó, kí lò ń wò?"

"Kò sí, Àǹtí."

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹyẹ àwọn ẹni ibi tí wọ́n ń sọ fún wa, òru là ń gbọ́ pé ó ń jáde. Èyí tó wá ń fò lọ́sàn-án gangan, tí kò bẹ̀rù oòrùn, tí kò bẹ̀rù èèyàn, irú agbára wo ni tiẹ̀? Ohun tí Alágbàfọ̀ ń rò nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló lọ sílé ìyàgbẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì rí i pé ohun tó ya dúdú kirikiri bí èédú. Ó jókòó síbẹ̀, òtútù mú un. Ó rò pé nǹkan kan ń jó inú òun.

Ọ̀rọ̀ ì bá mọ níbẹ̀ ká ní fóònù ò dún. Alágbàfọ̀ ti gbé e sí pálọ̀ kó lè gba iná, òun fúnra ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá. Lẹ́yìn ilé, wẹ́dà ń lọ irin, ariwo ẹ̀ gba gbogbo àdúgbò kan. Ẹ̀gbọ́n ló gbé fóònù, ó sì gbé e sí etí ọ̀tún bó ṣe ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti dáyé. Alágbàfọ̀ ń gbọ́ ọ láti yàrá: "Ẹ̀n? Ta ni? Èmi ni olórí ilé. Ọmọ kí ni? Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti yé mi. Mo ní ó ti yé mi."

Nígbà tó wọlé, ojú ẹ̀ ti yí padà. Ó jókòó sí ìdí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí kò ṣe rí.

"Ìyàwó, nọ́ọ̀sì ló pè. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi wo inú ẹ ti sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ní ọmọ ilé ló ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ lọ."

Nínú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn tí wọ́n fẹ́ wọlé, ìyàwó ni wọ́n. Àwọn ọkùnrin, ọkọ ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá ti dárúkọ ọmọ ilé, obìnrin tí wọ́n bí síbẹ̀ ni, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà. Yàrá ẹ̀yìn ló ń gbé.

Wọ́n pe wẹ́dà wọlé, ó ń nu ọwọ́ ẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "nọ́ọ̀sì wo ló máa sọ irú ẹ̀? Bóyá ẹ ò gbọ́ dáadáa."

"Ṣé adití ni mí? Ketekete ló sọ ọ́. Àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí, kí ni wọn ò lè rí?"

"Àbúrò wa ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyàwó tèmi ńkọ́, kì í ṣe èèyàn? Ìgbà tí ọmọ yìí padà wálé ni ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ta ló ń gbọ́únjẹ fún un? Òun náà ló ń gbọ́únjẹ fún tìẹ. Dá mi lóhùn."

Wẹ́dà wo ìyàwó ẹ̀. Ó wolẹ̀, ó padà sídìí irin ẹ̀.

Ó dun Alágbàfọ̀ wọra. Ó kọ́kọ́ sọ fún ara ẹ̀ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ apá náà ńkọ́? Ìgbẹ́ dúdú ńkọ́? Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ tó funfun, ó rántí ọwọ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ tó pọ́n dáadáa nígbà tó ń na ife sí i. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá gbé omi ọsàn wá, á dà á sí gọ́tà. Oògùn irin, á fi sábẹ́ ahọ́n, á tu ú dànù.

"Ìyàwó, o ti lò ó?"

"Mo ti lò ó, Àǹtí."

Ara ẹ̀ wá ń lọ sílẹ̀ pátápátá. Tó bá dìde, òkùnkùn á ṣú sí i lójú. Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ á fọwọ́ kan iwájú orí ẹ̀, á mi orí, á ní kò yé òun, oògùn yìí mà yẹ kó ti ṣiṣẹ́. Òun gan-an ló ń lọ sí ọsibítù lọ bèèrè bóyá dókítà àgbà ti dé. Bó ṣe ń ṣaájò yẹn ló tún ń mú kẹ́rù ba aláìsàn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Alágbàfọ̀ yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ wà lẹ́bàá odi ẹ̀yìn, òun àti obìnrin kan tó da aṣọ borí, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin náà na ọ̀rá dúdú kan kọjá odi. Bó ṣe ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀, nǹkan ń kán sílẹ̀ láti inú ọ̀rá náà, ó sì pupa. Alágbàfọ̀ di ẹnu ọ̀nà mú.

"Kí lẹ gbà lọ́wọ́ obìnrin yẹn?"

"Ẹ̀dọ̀ ni. Ìyàwó alápatà ló ń bá mi fi í pamọ́ kó má bàa tán. Ọkọ ẹ̀ ò gbọdọ̀ gbọ́."

"Ẹ̀jẹ̀ ń kán lára ẹ̀."

"Ẹ̀dọ̀ ṣáà ni, Ìyàwó. Kí ló yẹ kó máa kán?"

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ dúró. Ó rọra gbé ọ̀rá náà sílẹ̀. "Tún un sọ, kí n gbọ́ ọ dáadáa."

"Ẹ̀jẹ̀ mi lẹ̀ ń mu, Àǹtí. Ẹ ti mu ti ìyàwó Ẹ̀gbọ́n tán, ó wá kan tèmi. Ọsibítù ti rí yín."

Ẹ̀gbọ́n ti jáde láti yàrá iwájú. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tú, kó máa di ẹrù ẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ kò wò ó. Wẹ́dà ló wò.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?" ó bi í.

Wẹ́dà ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó rí níbẹ̀.

Obìnrin náà kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì sunkún. Ó gbé ọ̀rá náà wọ ilé ìdáná, ó fọ ẹ̀dọ̀ ọ̀hún, ó fi iyọ̀ sí i, ó sè é jinná, ó yọ iná, ó sì dé ìkòkò. Lẹ́yìn náà ló wá di ẹrù ẹ̀. Nígbà tó lọ tán, Ẹ̀gbọ́n da ẹ̀dọ̀ náà sí ààtàn, ìkòkò tòun ẹ̀dọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé wọ́n ti lé àjẹ́ jáde níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kìíní, Alágbàfọ̀ sọ fún ara ẹ̀ pé ara òun ti fúyẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án.

Fùù, fùù, fùù.

Ilé dá páropáro. Kò sí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò sí ife, kò sí ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dìde, ó ti fèrèsé, ó fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìyẹ́ apá náà ṣì ń lù. Ó wá òwú, ó fi dí etí ẹ̀ méjèèjì pinpin, kó má bàa gbọ́ ọ mọ́. Ńṣe ni ó tún ń dún gan-an. Ó dún bí ẹni pé ẹyẹ náà ti wọlé, ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara ẹ̀. Ó fọwọ́ di ọrùn ara ẹ̀ mú, kì í ṣe pé ó fẹ́ wá nǹkankan níbẹ̀, ẹ̀rù ló bà á. Iṣan kan ń sọ lábẹ́ ìka ẹ̀. Iṣan sọ, apá lù. Iṣan sọ, apá lù. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú ọwọ́ kúrò, ó tún fi padà. Wọn ò yà síra wọn rárá. Kò sí ẹyẹ kankan. Ara òun ló ń dún létí òun látijọ́.

Ó ń wo fóònù bí ẹni tó ń wo ejò. Nígbà tó yá, ó gbé e, ó pe nọ́ńbà ọsibítù.

"Ìyá, èémí yín ń já," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ sinmi kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ ń lo oògùn irin yẹn?"

"Mo ti dá a dúró. Ìgbẹ́ mi ń dúdú."

"Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Irin ló ń ṣe é. Ṣé wọn ò sọ fún yín?"

"Mò ń gbọ́ nǹkan létí. Bí ìyẹ́ apá."

"Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ báyẹn, ọkàn á máa sáré kó lè pín ìwọ̀nba tó kù, etí á sì máa gbọ́ ọ. Ìyá, ta ló ní kẹ́ ẹ dá oògùn dúró?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ pè, tẹ́ ẹ ní ọmọ ilé ló ń mu ẹ̀jẹ̀ mi lọ."

"Ìyá," ni nọ́ọ̀sì wí, ohùn ẹ̀ ti rọlẹ̀, "ilé ọmọ ni mo wí. Ilé ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n ń kọjá lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alágbàfọ̀ pè é wọlé, ó na fóònù sí i. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé e sí ibi tó ti mọ́ ọn lára.

"Etí òsì, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, etí òsì."

Ó gbé e síbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún un sọ fún un pátá: kókó wà nínú ilé ọmọ aláìsàn, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń bá nǹkan oṣù lọ ju bó ṣe yẹ lọ, òun sì ti sọ lọ́jọ́ yẹn pé kó má fi oògùn sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n jókòó.

"Ìyàwó mi sọ fún mi," ó ní. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. "Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun kì í dá mọ́ tó bá dé. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ọkùnrin sọ nìyẹn, kó lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ ẹ̀. Àfìgbà tó kú. Mo wá ń wá àjẹ́ kiri, torí pé tí mi ò bá rí àjẹ́, èmi ló kù."

Alágbàfọ̀ ò lè bínú sí i. Ta ló fẹ̀sùn kan Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ lójúkojú? Kì í ṣe Ẹ̀gbọ́n. Òun tó ti ń jẹ ẹ̀dọ̀ tó sè ni.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa bọ̀ lójú ẹsẹ̀. Dókítà àgbà ti ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n kò ní lè fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó báyìí. Wọ́n gbọ́dọ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ná, ẹ̀jẹ̀ ò sì pọ̀ ní ọsibítù, kí wọ́n mú ẹni tó lè fún un wá. Ẹ̀gbọ́n ti dàgbà jù. Wẹ́dà ti ní ibà pọ́njú rí, wọ́n ti sọ fún un pé wọn ò ní gba tiẹ̀ láéláé. Àwọn ọmọ jìnnà. Wẹ́dà pe takisí, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

"Ẹ gba ilé ìtẹ̀wé," ni Alágbàfọ̀ wí.

"Ọsibítù là ń lọ."

"Tí mo bá kú lójú ọ̀nà láì rí i ńkọ́? Ẹ gba ilé ìtẹ̀wé."

Wọ́n dúró síwájú ilé ìtẹ̀wé, òórùn íńkì ń bọ̀ níta. Ibẹ̀ náà ni Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ ń sùn, láàárín ìdì pépà. Ó jáde, íńkì wà ní ìka ẹ̀, ó dúró síbi fèrèsé ọkọ̀, kò yọrí wọlé.

"Àǹtí," ni Alágbàfọ̀ wí, ó ń wá èémí láàárín ọ̀rọ̀, "irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Kò sẹ́ni tó mu ẹ̀jẹ̀ mi. Ara mi ló ń jò. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi."

"Mo ti gbọ́."

Wẹ́dà ò lè pa á mọ́ra. "Wọ́n ní ká mú ẹni tó lè fún un lẹ́jẹ̀ wá," ó ní. "Kò sẹ́lòmíì."

Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ẹ̀jẹ̀ mi? Àbí èyí tí mo mu lẹ fẹ́ gbà padà?"

Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nínú takisí níbẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin. Awakọ̀ ń wo iwájú bí ẹni pé òun ò gbọ́ nǹkankan. Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ wo Alágbàfọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wo ètè ẹ̀ tí kò láwọ̀ mọ́. Ó wọlé lọ. Wọ́n rò pé ó ti tán. Ó padà jáde, ó ti fọ ọwọ́ ẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn iwájú, ó jókòó.

Ní ọsibítù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, ó bá ti aláìsàn mu. Wọ́n gbà á. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, àpò pupa kan ti ń kán wọ apá Alágbàfọ̀, dókítà àgbà sì ti ránṣẹ́ pé lọ́la ni òun máa bẹ̀rẹ̀ omi irin, kókó yẹn á tẹ̀lé e. Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òwú wà ní ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀.

"Ẹ ṣé, Àǹtí."

"Má dúpẹ́, Ìyàwó. Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá màá lè dárí jì ẹ́."

"Mo mọ̀."

"Mi ò sì ní padà sílé yẹn."

Alágbàfọ̀ mi orí pé ó yé òun. Omi ń jáde lójú ẹ̀, kò nù ún. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, irú àwọn tí kì í lè dákẹ́ níbikíbi. Ó ti ń wo àpò ẹ̀jẹ̀ náà, ó ń wo òwú ọwọ́ Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ fún wọn lẹ́jẹ̀? Olúwa á san án fún yín. Ọmọ ìyá ni yín, àbí?"

"Rárá o," ni Ẹlẹ́sẹ̀-Jẹ́jẹ́ dáhùn. "Èmi ni àjẹ́ tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀."

Ẹ̀rín pa obìnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fọwọ́ nu ojú, ó ní ẹ wo aláwàdà yìí, ó ní irú yín ló yẹ kó máa wà lọ́dọ̀ aláìsàn. Ó wo àwọn méjèèjì kí wọ́n lè jọ rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó bá a rẹ́rìn-ín nínú wọn.